Ọmọ Tí Ó Pe Orúkọ Ara Rẹ̀ Ti Kọrin

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ orin ṣì tutù lọ́wọ́ mi tí mo sì rò pé gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá mi fi ọdún púpọ̀ kọ́ mi ni mo gbọ́dọ̀ dà lé àwọn ọmọ lórí kí oòrùn tó kan àtàrí, mo dúró níwájú àwọn ọmọ JSS 1 bí ogójì, mo fa ìlà márùn-ún gbọọrọ sójú pátákó, mo ya àmì kan tí ó ká bí ìkarahun ìgbín sí ìbẹ̀rẹ̀ wọn, mo sì ní kí wọ́n há orúkọ àwọn ìlà náà sórí láti ìsàlẹ̀ dé òkè: E, G, B, D, F. Wọ́n há a sórí. Wọ́n kà á ní àkàtúnkà bí ayékòótọ́ tí ń kí àlejò tí kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé ohùn wo ni wọ́n gbọ́ nínú ohun tí wọ́n kà yìí, ńṣe ni kíláàsì pa lọ́lọ́. Ìlà ni wọ́n rí, orin kò sí níbẹ̀. Agogo ìsinmi lù, wọ́n tú jáde bí oyin, kò sì pẹ́ tí mo fi gbọ́ àtẹ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì, tí mo sì yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọdébìnrin ni wọ́n ń ṣe ten-ten, eré àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀. Ọmọ Èkó wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ọ̀kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Àtẹ́wọ́ ń bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ kò bọ́ sí, ẹsẹ̀ ń já lu ibi tí àtẹ́wọ́ fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì ń pàdé láìtàsé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí. Àwọn ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi pé wọn kò ní etí orin ni wọ́n ń ṣe ohun tí ẹgbẹ́ akọrin tí mo ń darí ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe àfi bí mo bá dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọ̀pá.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ó gba iwájú ilé ọmọ kọjá, òmíràn sì wà tí yóò yí igbó ká kí ó tó dé ọjà kan náà. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ orin tí a ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, àwọn ọmọ JSS 1 títí dé JSS 3, sábà máa ń gba ti inú igbó, nítorí pé ojú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé etí ni orin ń gbà wọlé. Àpò ni ìwé orin, orin ni ẹrù tí a kó sínú rẹ̀. Ta ni í sì í rán àpò kí ó tó mọ ohun tí yóò kó sí i? Ohun tí ìrírí ti fi yé mi ni pé ọmọ Yorùbá kì í fi ọwọ́ òfo wọ kíláàsì orin: èdè ìyá rẹ̀ ti là á létí kí olùkọ́ tó dé. Èdè kan náà yìí ni ó sì dẹ tàkúté kékeré kan sílẹ̀ dè é, olùkọ́ tí kò bá sì rí tàkúté náà, ẹsẹ̀ òun alára ni yóò há sí i.

Orúkọ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí pé orúkọ ni orin àkọ́kọ́ tí a kọ sí ọmọ létí. Kíláàsì kan ṣoṣo lè gba Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Òjó, Àìná, Dàda àti Ìgè pọ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n mú orúkọ wọn ti ọ̀run bọ̀, tí babaláwo kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dífá kí a tó mọ ohun tí a ó pè wọ́n. Mo ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pa ẹnu dé, kí ó fi imú kùn orúkọ ara rẹ̀, kí ó má sọ ọ̀rọ̀ rárá, kí ó fi ohùn nìkan sílẹ̀. Òjó ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń yọ́ gòkè: dò mí. Dàda ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n àárín ni ó dúró sí: dò re. Ìgè kò kúrò nísàlẹ̀ rárá. Táíwò dúró lókè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó já wálẹ̀, mí mí dò, nígbà tí Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n tí ó kẹ́yìn dé, sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì tí ó sì tún pọ́n òkè padà: mí dò mí. Nígbà tí ó bá wá kan Ìdòwú àti Àlàbá, kíláàsì a máa hó yèè, nítorí pé ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń kùn, dò dò mí, Àìná tí ó jókòó lẹ́yìn náà sì ń jà pé tòun ni wọ́n jí lò.

Ìjà yìí ni mo máa ń dúró dè, nítorí òun ni yóò gbé wa dé ilé Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀ igi, baba onílù tí ń fi awọ ẹran sọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń dáhùn. Bí ohùn Ìdòwú bá jẹ́ ohùn Àlàbá, báwo ni onílù ṣe ń pe ọ̀kan tí èkejì kò fi ní jẹ́ ẹ? Àwọn ọmọ yóò rò ó títí, ẹnì kan tí bàbá rẹ̀ ti gbé e lọ síbi ìnáwó rí yóò sì rántí pé onílù kì í pe orúkọ ní ìhòòhò. Yóò fi oríkì wọ̀ ọ́, yóò fi ti baba rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ lé e, títí gbólóhùn náà yóò fi gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kò fi ní bá ti ẹlòmíràn dọ́gba mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ti wá rí i pé gbólóhùn orin ní ìrísí tirẹ̀, pé bí ohùn ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, pé ohùn kan ṣoṣo kò lè sọ ìtàn, èyí tí ìwé orin ń fi odindi orí kan ṣàlàyé. Láti ibẹ̀ ni a ti ń wo ìlù fúnra rẹ̀. Ìyáàlù dùndún lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè nítorí pé onílù ń fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra, awọ sì ń le, ohùn sì ń ga. Gúdúgúdú tí ó so mọ́ ọrùn kò ní ọṣán tí a lè fún bẹ́ẹ̀, kò sì lè yọ́. Bàtá ní tirẹ̀ ní ojú méjì, ojú òjò tí ó tóbi àti ṣáṣá tí ó kéré, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣòro fún etí tí a kò fi bọ́. Kò sí ohun èlò tí olùkọ́ lè fi owó ìjọba rà tí yóò ṣàlàyé ohùn gíga àti ohùn ìsàlẹ̀ tó èyí.

Ibi tí tàkúté wà nìyí wàyí. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ èdè ti kọ́ ọmọ pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ó fi kọ́ bí igba ṣe yàtọ̀ sí igbá, tí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ ṣe yàtọ̀ sí ìgbà tí ń lọ tí kì í padà. Ó wá dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní do, re, mi. Ó rò pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Mo ti rí ọmọ tí mo ní kí ó kọ mi, tí ó sì fi gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀ ké sókè bí ẹni tí iná jó, nítorí pé òkè ni wọ́n ní mí wà; nígbà tí mo sì ní kí ó máa bọ̀ ní fa, ó wò mí bí ẹni tí ó ní kí ó gun àjà lẹ́yìn tí ó ti dé orí òrùlé. Kí ni ó tún kù lókè mí? Mo bínú sí ọmọ náà nígbà yẹn. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀, nítorí orúkọ kan náà ni a fi pe ohun méjì tí kò jọra.

Ohùn ọ̀rọ̀ kò ní ìwọ̀n. Ohun tí ó ní ni ipò. Mí bàbá àgbà lè rẹlẹ̀ ju dò ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, wọn ó sì gbọ́ ara wọn yé. Bí gbólóhùn bá gùn, mí tí ó wà ní ìparí rẹ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ ju mí tí ó ṣíde rẹ̀, etí wa kò sì kọ̀ ọ́, nítorí pé èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ohùn orin kò rí bẹ́ẹ̀. Láti do sí re, ìṣísẹ̀ kíkún kan ni. Láti re sí mi, ìṣísẹ̀ kíkún kan ni. Ọmọdé ni ó ń kọ ọ́ tàbí arúgbó, ìwọ̀n náà kò yẹ̀. Nítorí náà mo ń sọ fún wọn pé dò, re, mí ti ọ̀rọ̀ dà bí ẹ̀gbọ́n, ìkejì àti àbúrò nínú ilé, a mọ ẹni tí ó ṣáájú láìbéèrè ọjọ́ orí; ṣùgbọ́n do, re, mi ti orin dà bí àtẹ̀gùn tí káfíńtà fi ìwọ̀n kàn, tí ó sì ní igi méje kí ó tó tún padà sí do ti òkè. Káfíńtà náà kò sì kàn án dọ́gba: ìṣísẹ̀ láti mi sí fa, àti láti ti sí do, ìdajì ni. Kíkún, kíkún, ìdajì, kíkún, kíkún, kíkún, ìdajì. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ egungun ẹ̀yìn gbogbo orin tí a ń kọ ní ohùn do, ohun tí ó bá sì kù, ẹran ara ni.

Àtẹ̀gùn yìí ní ìtàn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni ó dá a sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, ní ilẹ̀ Ítálì, mọ́ńkì kan tí a ń pè ní Guido, ará Arezzo, ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin akọrin, ó sì rí i pé bí wọ́n ti ń há orin sórí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé. Ó mú orin ìyìn Jòhánù Onítẹ̀bọmi kan ní èdè Látìn, èyí tí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìṣísẹ̀ kan ga ju ti ìṣáájú lọ, ó sì yọ sílébù àkọ́kọ́ ìlà mẹ́fà jáde: ut, re, mi, fa, sol, la. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí ìkeje, si, tí ut náà sì di do. Ó pẹ́ títí kí obìnrin olùkọ́ kan ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, tó fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ wọn nìkan kọ orin sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, d, r, m, f, s, l, t; òun ni ó yí si padà sí te, tí mo ń pè ní ti níhìn-ín, kí méjì má baà jìjọ jẹ́ s. Ní 1841, ní ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ní Hull, a gbé e lé òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan lọ́wọ́, John Curwen, pé kí ó wá ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ tí a lè fi kọ́ àwọn ènìyàn lásán ní orin. Curwen kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n orin. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Ó tún iṣẹ́ Glover ṣe, ó fi àmì ọwọ́ kún un, ìkúùkù fún do, àtẹ́lẹwọ́ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ fún mi, ìka tí ó na sókè fún ti, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e wọ inú Áfíríkà pẹ̀lú Bíbélì.

Títí di òní, bí ẹ bá yà sí ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa, sólfà Curwen ni ẹ ó bá lórí ìwé, tí àwọn obìnrin tí kò lo dùùrù rí ń kà á bí ẹni ka lẹ́tà láti ilé. Lẹ́tà ni ohùn; àmì kólọ́ọ̀nù ni ó ya ìlù kan kúrò lára èkejì; ìlà òró ní kí ẹsẹ̀ wúwo níbẹ̀; dáàṣì ní kí o di ohùn mú, kí o má ì tíì sọ ọ́ kalẹ̀; àmì ìdánudúró kékeré láàárín ìlù kan sì pín in sí méjì. Ọmọ JSS 1 lè kọ́ gbogbo èyí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń fi ojú tín-ín-rín wò ó, tí wọ́n ní ti aláìmọ̀kan ni, pé ìlà márùn-ún nìkan ni ìmọ̀. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Ìlà márùn-ún ṣe pàtàkì, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lè kọ láti do sí so láìfi dùùrù tì í lẹ́yìn kò ní ohun tí yóò bá lórí ìlà.

Bí sólfà ti dé, bẹ́ẹ̀ ni orin Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e dé, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ̀ ọ́ bí ẹni gbé agbádá baba wọ ọmọ ìkókó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa kò gba kí a fà á sókè sódò bí ó ti wù wá. Ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọkọ̀ ni ó ń gbé wa relé, ọ̀kọ̀ sì ni ọdẹ fi ń gún ẹran. Kí ohùn orin gòkè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀, ọkọ̀ Nóà á di ọkọ́ Nóà, ìjọ á sì ṣe Àmín. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ó fún wọn láyè láti fi àgbàlagbà rẹ́rìn-ín láìjìyà. Ó sì fún mi láyè láti pe orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tún un ṣe. Ní Abẹ́òkúta, láàárín àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbi, Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí ó gbé ayé láti 1855 sí 1930, fi ohùn tí ó bá èdè mu kọ orin ìsìn, ní 1922 ni ó sì kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Ní Èkó Akete ilé ọgbọ́n, Thomas Ekundayo Phillips tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin gẹ́gẹ́ bí ọmọdé. Phillips sì kọ ìwé kan jáde ní 1953, Yoruba Music, níbi tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ ohùn èdè àti ohùn orin yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí ó sọ nínú wọn pé orin gbọ́dọ̀ ní ohùn mẹ́ta péré bí ọ̀rọ̀ ti ní in. Ohun tí etí Yorùbá ń béèrè ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá sọ̀, kí orin sọ̀: a lè kọ ọkọ̀ láti so sí mi, a lè kọ ọ́ láti re sí la ti ìsàlẹ̀, ààyè pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo ń fún àwọn ọmọ JSS 3 ní gbólóhùn kan, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ohùn sí i tí ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ yé, a sì ń rí ogójì orin tí ọ̀kan kò jọ èkejì.

Ohun kan tún wà tí mo ṣàkíyèsí fúnra mi. Fa àti ti ni àwọn ọmọ wa máa ń ṣì kọ. Do, re, mi, so, la, wọn a kọ ọ́ bí omi. Kí a sọ fa sí i, ẹnu a di wúruwùru. Lójú tèmi, kì í ṣe àìgbọ́n ni: ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìbílẹ̀ wa, àti orin inú àlọ́ tí ìyá àgbà ń lé tí àwọn ọmọ ń gbè, ohùn márùn-ún yẹn ni ó ń rìn lé, kò sì sí ìdajì ìṣísẹ̀ láàárín wọn. Ibi tí ilé-ìwé bá ti ní dùùrù tàbí kíbọ́ọ̀dù kékeré, mo ń ní kí ọmọ fi ọwọ́ kan àwọn igi dúdú rẹ̀ nìkan, márùn-ún tí wọ́n tò ní méjì àti mẹ́ta. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́ta, kí ó máa lọ sí apá ọ̀tún: do, re, mi, so, la. Kí ó wá wá orin àlọ́ tí ó bá mọ̀ níbẹ̀. Ojú ọmọ tí ó kọ́kọ́ rí i pé orin àlọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ òyìnbó láti ìgbà tí a ti ṣe é, ó tó wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ń bọ́ sórí igi funfun, tí fa sì ń rí ọ̀nà wọlé bí àlejò tí a ti tọ́jú ìjókòó sílẹ̀ fún.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, dùùrù kò sí, kíbọ́ọ̀dù kò sí, orin fúnra rẹ̀ kò sì dá dúró mọ́; wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ àwòrán yíyà àti eré orí ìtàgé lábẹ́ Cultural and Creative Arts, tí ó fi jẹ́ pé olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n yà lè jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ. N kò ní bá ìjọba jà lónìí. Ìgò òfìfo kò wọ́n. Ẹ to ìgò márùn-ún sórí tábìlì, ẹ bu omi sí wọn ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba, kí ọmọ kan fi ṣíbí lù wọ́n: èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ jù. Gbogbo kíláàsì yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi púpọ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Kí ọmọ mìíràn wá gbé ìgò kan náà sí ètè, kí ó fẹ́ atẹ́gùn gba ẹnu rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ á dorí kodò: èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù ni ohùn rẹ̀ yóò ga jù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà díẹ̀. Nígbà tí a lù ú, ìgò àti omi ni ó ń gbọ̀n, ohun tí ó bá sì wúwo a máa gbọ̀n jẹ́jẹ́. Nígbà tí a fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n, bí omi bá sì ti gba àyè, afẹ́fẹ́ á kúrú, á sì yára. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ahọ́n irin agídìgbo ń sọ, gígùn nísàlẹ̀, kúkúrú lókè. Ohùn A tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin fi ń ṣe ohun èlò wọn kí wọ́n dọ́gba ń gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di 880, ohùn kan náà ni, ó kàn gun òkè ni. Olùkọ́ ìṣirò tí ń kọjá lọ lójú fèrèsé sì ti dúró láti gbọ́ ọ rí.

Fún gígùn ohùn, obì ni mo ń lò, obì abàtà aláwẹ́ mẹ́rin, tí mo ń rà lọ́wọ́ olóbì ẹnu ọ̀nà. Odindi obì ni semibreve, ìlù mẹ́rin. Ẹ pín in sí méjì, minim ni, awẹ́ méjì; awẹ́ kan ṣoṣo ni crotchet; ẹ gé awẹ́ sí méjì, quaver ni. Àmì tíntín tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ ohùn a máa fi ìdajì rẹ̀ kún un, nítorí náà minim tí ó ní àmì tíntín di awẹ́ mẹ́ta. Ọmọ kò ní gbàgbé èyí, pàápàá nígbà tí a bá jẹ ẹ̀kọ́ náà tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan wá bá mi pé ọmọ òun kò sùn mọ́jú, láti ìgbà náà ni mo sì ń gba obì mi padà.

Ìlù kò gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́ mi. Mo kàn ń fi orúkọ fún ohun tí wọ́n ti ń ṣe ni. Ìdajì kíláàsì a máa pàtẹ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ìdajì kejì a máa pa tiwọn ní ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì, wọn a pínyà, wọn a pàdé ní ìkeje, wọn a tún pínyà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan yóò gbé agogo, tí yóò máa lù ú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ìlù kéékèèké méjìlá, ìlù kọ̀ọ̀kan sì fi àyè méjì, méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta sílẹ̀ kí òmíràn tó dé, bí a ti ń gbọ́ ọ lóde ijó láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Nígbà tí mo bá wá kọ 12/8 sójú pátákó, kò sí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń bi mí léèrè pé níbo ni a lè kọ ìyókù sí, èyí tí ó fi hàn pé ìlà márùn-ún ti ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Nígbà yẹn ni mo ń fà á, mo sì ń fi hàn wọ́n pé àtẹ̀gùn tí a ti ń gùn láti ọjọ́ yìí ni mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀: ìlà kan, àlàfo kan, ìlà kan, àlàfo kan, àmì tí ó dà bí ìgbín sì ń tọ́ka sí ibi tí G wà kí a má baà ṣìnà. Ohun tí ó gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ mi ní ọdún àkọ́kọ́, wákàtí méjì ni ó ń gbà.

Kí n má gbàgbé àwọn ọmọkùnrin JSS 2 àti JSS 3. Gógóńgò wọn ń yọ, ohùn wọn ń ki, ọmọ tí ó kọ ohùn òkè bí ẹyẹ ẹ̀ga ní ọdún tí ó kọjá á la ẹnu, ohùn á já sí méjì bí okùn tí ó ti gbó, kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ibẹ̀ pa ẹnu dé, wọn kò sì kọrin mọ́ láyé wọn. Mo máa ń ṣàlàyé fún gbogbo wọn ṣáájú, ọkùnrin àti obìnrin, pé ọ̀fun ń gùn bí okùn gìtá ti ń gùn, ohùn sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti do òkè sí do ìsàlẹ̀. Mo sì ń kọ orin olóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré fún wọn, tí kò ga tí kò rẹlẹ̀, títí ilé tuntun yóò fi fìdí múlẹ̀.

Iṣẹ́ àmúrelé tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ti ìpolówó ọjà. Mo ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fetí sí ẹnì kan tí ń kiri ládùúgbò rẹ̀, kí ó kọ igbe rẹ̀ sílẹ̀ ní sólfà, kí ó fi ìlù sí i, kí ó mú un wá. Ní ọdún kan, mẹ́ta nínú wọn mú igbe ẹlẹ́kọ kan náà wá, obìnrin tí ń gba ẹ̀yìn ògiri ilé-ìwé kọjá láràárọ̀, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bára mu. Wọ́n gbà pé do ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà pé ó ń dúró pẹ́ lórí mi. Ṣùgbọ́n ohùn ìkẹyìn, tí ó ń fà lọ bí èéfín, ọ̀kan ní re ni, èkejì ní do ni, ẹ̀kẹta sì búra pé la ti ìsàlẹ̀ ni. Kíláàsì pín sí mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo tó lù, gbogbo wọn ti tò sí etí ògiri, ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ó mí. Ìyá ẹlẹ́kọ yọ ní ìkóríta, ó rí orí ogójì lórí ògiri, ó sì pa ẹnu dé wẹ́lo.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa polówó," ni ọmọ tí ó sọ pé do ni wí.

Obìnrin náà gbé igbá kalẹ̀, ó wò wọ́n láti ọ̀tún dé òsì. "Ta ni ó fẹ́ rà nínú yín," ni ó bi wọ́n, "kí n tó kọrin?"